Manho Oníṣirò àti Oúnjẹ Ọdún Wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìyà ń jẹ́, kó fẹ́ ọkùnrin tí kò lè rí àkàrà kó má sọ ọ́ di ìṣirò. Èmi Malsun ni mo fẹ́ ẹ. Ogójì ọdún rèé tí mo ti wà nílé Pyo Manho ní ìlú Sangju yìí, kò sì sí Sollal kan, ìyẹn ọdún tuntun wa, tí ẹbí yìí jẹun gbígbóná. Ọbẹ̀ á ti wà nílẹ̀, èéfín á máa rú lára rẹ̀, kálukú á ti gbé ṣíbí, ọkọ mi á wá fi ṣíbí tirẹ̀ kan etí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó, kó, kó. "Ẹ gbọ́, mo ní ìbéèrè kan." Ó parí nìyẹn. Ọbẹ̀ ti di òtútù.

Kì í ṣe olùkọ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó kúrò níléèwé. Mítà omi ló fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kà fún ìlú. Á wọ àgbàlá onílé, á ṣí ìdérí irin tó wà nílẹ̀, á tẹ̀ ba, á ka nọ́ńbà, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ajá já a jẹ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ti tán nílé mi. Àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kàlẹ́ńdà ara ògiri wa kì í pé oṣù kó tó fà á ya, nítorí ẹ̀yìn ìwé kàlẹ́ńdà ló ń kọ ìṣirò rẹ̀ sí. Bí ẹ bá bi mí pé ọjọ́ wo la wà, mi ò mọ̀.

Lọ́dún kan, mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́, mo din àkàrà pẹlẹbẹ alálùbọ́sà tí a máa gbé síwájú àwọn baba ńlá ọkọ mi. Ó rí roboto, ó pọ́n, èmi fúnra mi fẹ́ràn rẹ̀. Àfi bí Manho ṣe gbé ọ̀bẹ. "Bí mo bá gé àkàrà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ní gígé tààrà, ègé mélòó ló lè pọ̀ tó?"

Jaeyoung, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń tún eyín ṣe ní Daegu, dáhùn pé mẹ́fà ni. "Rárá o," ni Manho wí, "méje ni." Ó sì gé e lójú gbogbo wa. Méje ni lóòótọ́. Ọ̀kan kékeré wà láàárín, mẹ́fà yí i ká, kò sí èyí tó jọ èkejì nínú wọn. Mo sáré jáde láti ìdí iná.

"Bàbá Narae! Àkàrà àwọn baba ẹ lo ṣe báyìí!"

"Wọn ò ní bínú. Ibi tí wọ́n wà, wọ́n ti mọ̀ pé méje ni."

Ẹ ò rí i bí? Irú èsì tó máa ń fọ̀ nìyẹn. Mo tún àkàrà mìíràn din pẹ̀lú omijé lójú, èéfín ni mo sì sọ pé ó fa omijé náà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun kan. Èmi kì í jókòó jẹun lọ́jọ́ ọdún. Ìyàwó àkọ́bí ọkùnrin ni mí, ìdí iná sì ni ipò mi. Ògiri kan ló wà láàárín èmi àti àwọn tó ń jẹun, bí epo sì ṣe ń ta, ohùn ẹnikẹ́ni kì í dé etí mi àyàfi ti ọkọ mi, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣì ń pe onílé láti ẹ̀yìn géètì. Ṣíbí rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ ọ, ó sú mi dé ọ̀fun.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ó wá di ìjà. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Narae lorúkọ rẹ̀, Seoul ló ń gbé, ibi tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì ojú ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún náà, ó yẹ kí ó mú ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ wá sílé, ṣùgbọ́n àárín wọn ti dàrú kí ọdún tó dé, èmi àti bàbá rẹ̀ nìkan la mọ̀. Òun nìkan ló wá. Ìdí iná ni mo wà, mò ń yí àkàrà, tí mo gbọ́ kó, kó, kó. "Ẹ gbọ́, mo ní ìbéèrè kan. Àwa mẹ́fà la wà nílé yìí lónìí. Bí ẹni tó kéré bá foríbalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó jù ú lọ, ìforíbalẹ̀ mélòó ló máa wáyé?" Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré, tí ilẹ̀kùn sì dún gbàà. Kí n tó nu ọwọ́ mi, Narae ti wọ bàtà, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ó ti dé ẹ̀yìn géètì. Jaeyoung sì wà nínú ilé tó ń sọ pé, "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, àbí?"

Kò wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Kò wá lọ́dún tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Kò tilẹ̀ sọ pé iṣẹ́ pọ̀ mọ́.

Inú bí mi débi tí mi ò lè sùn. Mo kojú ọkọ mi. "Ìwọ lo lé ọmọ mi lọ! Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ wá sílé kó wá sinmi, o ń bi í léèrè ìṣirò! Ta ló bí ọ gan-an ná?" Manho la ẹnu, ó wò mí, ó tún pa á dé. Kò gbèjà ara rẹ̀ rárá. Ìyẹn gan-an tún dá kún ìbínú mi.

Lọ́dún yìí, mo mú un lọ síwájú àwòrán bàbá rẹ̀, mo ní kó búra pé òun ò ní sọ nọ́ńbà kan lórí tábìlì Sollal. Ó búra. Mo wá pe Narae lórí fóònù.

"Máa bọ̀ wálé. Mo ti dí bàbá ẹ lẹ́nu. Bó bá dán an wò, ìta ló ti máa jẹun."

"Ẹ dí wọn lẹ́nu kẹ̀? Kí ló dé, Màmá?"

"Torí tìẹ ni!"

"Ó dáa, mà." Ó mí kanlẹ̀. "Màá wá wo orúnkún yín. Màá sì padà pẹ̀lú ọkọ̀ aago méjì. Ṣùgbọ́n Màmá, bó bá tún rí bíi tọjọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí fún ọdún mọ́."

Orúnkún mi ló ń wí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi nígbà ìkórè, dókítà sì ní mi ò gbọ́dọ̀ dúró pẹ́. Huijin, ìyàwó Jaeyoung, ló wá dúró nídìí iná lọ́dún yìí. Báyìí ni èmi Malsun ṣe jókòó sí tábìlì Sollal fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí.

A jókòó. Manho wà ní ipò olórí ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Gyesun wà lọ́tùn-ún rẹ̀, Jaeyoung, Narae, àti èmi. Ẹ wá wo ọkọ mi! Ó ń wo àwo kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan aláta, ètè rẹ̀ ń jó. Ó wo èso gbígbẹ tí a tò, ìka rẹ̀ ń kà á lábẹ́ tábìlì. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ojú kúrò, ó wo òrùlé. Mo mọ̀ pé igi òrùlé ló tún ń kà, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Mo bojú wo Narae, mo rẹ́rìn-ín sí i. Kò rẹ́rìn-ín padà. Ọwọ́ rẹ̀ gan sára ṣíbí.

Huijin gbé tókguk wá, ọbẹ̀ funfun tó kún fún ìrẹsì gígún tí a gé pẹlẹbẹ. Láyé tiwa, ẹni tó bá jẹ tókguk Sollal ti fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀ nìyẹn. Ìjọba ní kí a má kà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìjọba kò bá wa jẹun.

Ẹ̀gbọ́n Gyesun mu ṣíbí ọbẹ̀ kan, ó nu ẹnu. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìdérí.

"Narae, àwo tókguk mélòó lèyí jẹ́ fún ẹ?"

"Méjìdínlógójì, Àǹtí."

"Yéè! Méjìdínlógójì! Nígbà tí mo tó ọ, Jaeyoung ti ga dé èjìká mi. Ọkọ ńkọ́? Àbí wọ́n ti tà wọ́n tán ní Seoul ni?"

Narae wo inú ọbẹ̀ rẹ̀. Mo rí i tí Manho gbé ṣíbí sókè. Ó wò mí. Mo ranjú mọ́ ọn. Ó rọra gbé ṣíbí náà sílẹ̀, kò jẹ́ kó dún.

"Jaeyoung," ni Ẹ̀gbọ́n tún wí, "ṣé láàárín àwọn tó ń gbé eyín wá bá ọ, kò sí ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun."

"Ṣé mo dí ọ lọ́nà ọ̀fun ni? Ọ̀rọ̀ ẹbí là ń sọ. Narae, ọmọkùnrin ọjọ́sí yẹn, èyí tí o ní o máa mú wá sílé, ẹnì kan sọ fún mi pé ó ti gbéyàwó, ìyàwó ọ̀hún sì ti bímọ. Lọ́dún yẹn ni mo bi ọ́ tí o dìde fùú, o ò dá mi lóhùn. Ìwọ lo lé e ni, àbí òun ló sá?"

Ṣíbí Manho tún gbéra. Ó dúró sáàárín ọ̀nà. Ó tún wò mí, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni etí mi là. "Lọ́dún yẹn ni mo bi ọ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ta ló bi í? Ẹ̀gbọ́n Gyesun ló bi í. Kí n tó gbọ́ kó, kó, kó, ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ ṣáájú, epo gbígbóná ni kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo gbójú sókè, mo rí Huijin lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé àwo àkàrà dání, òun náà ń wo ṣíbí Manho. Mo wá rántí àkàrà tó di ègé méje. Ọdún kejì ìgbéyàwó Huijin ni, kò sì tíì lóyún, ó dájú pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni Ẹ̀gbọ́n ń bi í kí ọkọ mi tó gbé ọ̀bẹ.

Ogójì ọdún! Ogójì ọdún ni mo fi ń bú ọkùnrin yìí!

Narae gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ó yẹ kí n máa múra. Kí ọkọ̀ má lọ."

Aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Mo mọ ohun tó ń wí. Bó bá jáde báyìí, ó jáde nìyẹn.

"Bàbá Narae," ni mo wí, "sọ̀rọ̀."

Ó mi orí. "Mo ti búra."

"Mo ní kó o sọ̀rọ̀!"

"Iwájú àwòrán bàbá mi ni. Ìwọ lo ní kí n búra."

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ olóríkunkun yìí! Ọjọ́ tí mo fẹ́ kó dákẹ́, kò dákẹ́. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀, ó di ẹni tó ń pa ìbúra mọ́. Narae ti ń tẹ ọwọ́ mọ́ tábìlì láti dìde. Mo gbá ṣíbí mi mú, mo fi kan tábìlì. Kó! Kó! Kó! Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe bíi ti Manho, ọbẹ̀ ta sí Ẹ̀gbọ́n láṣọ.

"Ẹ gbọ́! Mo ní ìbéèrè kan!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Orí mi sì ṣófo. Nínú gbogbo ìṣirò ogójì ọdún, mi ò rántí ẹyọ kan, àfi ọ̀kan tó máa ń bi wọ́n lọ́dọọdún nígbà tí Narae wà ní kékeré, tí mo rántí nítorí pé èmi ni mo rọbí nínú rẹ̀.

"Ẹnì kan wà," ni mo wí. "Wọ́n bí i. Kí òòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, gbogbo ayé ní ó ti pé ọdún méjì. Wọn ò purọ́. Ta ni?"

"Ìyẹn ti pẹ́, mo ti gbàgbé ìdáhùn rẹ̀," ni Jaeyoung wí.

"Èwo tún nìyí, Ìyàwó?" ni Ẹ̀gbọ́n wí, tó ń nu aṣọ rẹ̀. "Ó ti ràn ọ́ ni?"

"Ẹ dáhùn!"

Narae ṣì tẹ ọwọ́ mọ́ tábìlì, kò tíì dìde, kò sì jókòó. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Èmi ni."

"Ṣàlàyé fún wọn."

"Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ni Màmá bí mi." Ó jókòó padà. "Ọmọ tí a bá bí, ọdún kan la máa ń kà fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ilẹ̀ wá mọ́, ó di Sollal, gbogbo èèyàn fi ọdún kan kún tiwọn, wọ́n fi ọ̀kan kún tèmi náà. Mo pé ọdún méjì, mi ò tíì lajú."

"Ó dáa," ni mo wí. "Àwo tókguk ní o jẹ́ méjìdínlógójì. Mélòó lo ti lò láyé ní tòótọ́?"

"Mẹ́rìndínlógójì." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Àná ni mo pé e."

Àná. Àná, mò ń pariwo lé Huijin lórí nípa bí a ṣe ń din àkàrà, láti orí àga. Mi ò tilẹ̀ kí ọmọ mi kú ọjọ́ ìbí. Mi ò kí i rí lọ́jọ́ náà, ọjọ́ àkàrà ni. Bàbá rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí gbogbo tábìlì rántí, lẹ́yìn ọjọ́ kan, pẹ̀lú ìbéèrè yìí.

"Ẹ dúró ná," ni Ẹ̀gbọ́n Gyesun wí. Ó ti gbàgbé aṣọ rẹ̀. "Oṣù kẹfà ni wọ́n bí èmi. Àwo tókguk mi jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mélòó ni mí?"

Ìka Manho ń sáré lábẹ́ tábìlì. Kò sọ̀rọ̀, ó di ẹnu mú bí ẹni tó ń gbé omi sẹ́nu. Narae ló dáhùn. "Méjìléláàádọ́rin, Àǹtí. Ọjọ́ ìbí yín kò tíì dé."

"Méjì! Méjìléláàádọ́rin! Jaeyoung, ṣé o gbọ́? Ọmọdé ni mí!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu àkàrà fún Narae, ó ní kó jẹun, pé ó ti gbẹ jù.

Ẹ má rò pé ó gbà bẹ́ẹ̀ o. Ẹnu àìmẹ́nu kì í sinmi. Nígbà tí a dé orí èso, ó ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì náà ṣì nílò ọkọ. Narae gbé ṣíbí. Kó, kó, kó. "Àǹtí, bí a bá gé àkàrà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ègé mélòó?" "Mẹ́fà ni," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Wọ́n fi wákàtí kan jiyàn. Ọkọ̀ aago méjì lọ láìsí Narae.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Manho ń fọ àwo. Mo lọ fi ẹ̀wù rẹ̀ kọ́, ìwé kàlẹ́ńdà kan tó ká bọ́ láti inú àpò. Mo tú u. Ó fa ìlà sí àárín rẹ̀. Lápá òsì, ó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lápá ọ̀tún, ó kọ ìṣirò. Bí wọ́n bá béèrè ọkọ: àkàrà gígé mẹ́ta. Bí wọ́n bá béèrè iṣẹ́: ìforíbalẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ ọmọkùnrin yẹn: ọdún méjì lọ́jọ́ méjì.

Mo gbé e lọ bá a. "O ti búra. Kí lo wá ń kọ èyí fún?"

"Bóyá o máa yí ọkàn padà."

"Kí ló dé tí o ò kúkú sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé kó dákẹ́?"

Ó fi ọwọ́ sínú omi ọṣẹ, kò wò mí. "Malsun, òun ló fi iléèwé tirẹ̀ sílẹ̀ tó lọ ń hun aṣọ ní fákítọ́rì, kí èmi lè kà á dé ibi tí mo kà á dé. Ẹnu wo ni n óò fi sọ pé kó dákẹ́?"

"Èmi ńkọ́? O ò lè sọ fún mi?"

"O ti ń bínú."

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ò lè kúnlẹ̀, orúnkún mi ò gbà. Mo gba aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń nu àwo.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, mo tẹ̀ lé Narae dé géètì pẹ̀lú ọ̀pá mi. Inú mi kò tíì rọ̀. "Ọmọ yìí, ọdún mẹ́ta! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé kì í ṣe bàbá ẹ lo sá fún?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀, Màmá. Gbogbo wa la mọ̀."

"Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀?"

Ó ronú sí i. Ó bá mi tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, bí ẹni pé èmi ni ọmọ. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ìdí iná lẹ máa ń wà."

Kò fi bú mi. Ì bá sàn kó fi bú mi. Ó ní òun máa wá lọ́dún tó ń bọ̀, pé òun máa sùn di ọjọ́ kejì, ó sì lọ. Mo padà sínú ilé, mo sì sọ fún Manho kí n tó bọ́ bàtà: lọ́dún tó ń bọ̀, bí ebi àkàrà bá ń pa àwọn baba ńlá Pyo, kí wọ́n wá din ín fúnra wọn. Ìdí tábìlì ni mo máa wà.